Ìtàn Ìgbésí-Ayé Michael Faraday

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1791 ni a bí Michael Faraday ní ẹ̀bá ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀. Ara baba náà kò le, ìyà sì ń jẹ wọ́n nílé. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ ni ọmọ náà rí kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìwé dídì. Ọdún méje ni ó fi kọ́ṣẹ́ náà. Bí ó ti ń di ìwé ni ó ń kà á, a sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ohun tí ó kà wò. Ní 1812, ó lọ gbọ́ àwíyé Humphry Davy, ògbóǹtarìgì onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dì í ní ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Davy. Ní 1813, Davy gbà á síṣẹ́ ní Royal Institution.

Ní 1831, Faraday wé wáyà bàbà yí ọ̀pá pépà oníhò ká, ó sì ti irin òòfà bọ inú ihò náà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń mọ̀ bí iná mànàmáná bá ń kọjá mì. Nígbà tí òòfà dúró jẹ́ẹ́, abẹ́rẹ́ náà dúró. Nígbà tí ó fà á jáde, abẹ́rẹ́ tún mì, ó kọjú sí òdìkejì. Orí ọgbọ́n yìí ni jẹnẹrétọ̀ dúró lé títí di òní.

Faraday kò mọ ìṣirò gíga, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń wo nǹkan. Ó tẹ́ pépà lé òòfà, ó wọ́n lúbúlúbú irin sí i, ó sì rọra fi ìka lu pépà náà. Irin náà tò ní ìlà ìlà láti orí òòfà dé ìdí rẹ̀. Ọmọdé tí ó bá ní òòfà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, yóò sì rí ohun tí Faraday rí.

Òun àti Sarah aya rẹ̀ kò bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ jẹ àǹfààní rẹ̀. Láàárín 1827 sí 1860, ìgbà mọ́kàndínlógún ni ó kọ́ àwọn ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì ní àkókò Kérésìmesì, tí ó ń ṣe ohun gbogbo lójú wọn.

Ó kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1867. Ìgbésí-ayé rẹ̀ kọ́ wa pé òṣì kò ní kí ọmọ má lóye. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀.