Ella Baker àti Ìtumọ̀ Ìdarí nínú Ìjà fún Ẹ̀tọ́ Aláwọ̀ Dúdú ní Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìjà tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà jà láti gba ẹ̀tọ́ wọn, orúkọ Martin Luther King ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí ohùn rẹ̀ ròkè, pípa ni wọ́n sì pa á ní ọdún 1968. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dágbó ṣe. Obìnrin kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí King tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Èrò obìnrin yìí nípa ohun tí aṣáájú jẹ́ yàtọ̀ sí ti àwọn pásítọ̀ tí ó bá ṣiṣẹ́. Ella Josephine Baker ni orúkọ rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó tọpa ìgbésí ayé rẹ̀, a ó sì fi èrò rẹ̀ wé bí ìdarí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ṣe rí lóde òní.

Ìbí àti Ìtọ́dàgbà Rẹ̀

Ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1903 ni a bí Ella Baker ní Norfolk, ìpínlẹ̀ Virginia, ṣùgbọ́n Littleton ní North Carolina ni ó dàgbà sí. Ẹrú ni ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀ jẹ́ nígbà èwe. Wọ́n na ìyá àgbà yìí lẹ́gba nítorí pé ó kọ̀ láti fẹ́ ọkùnrin tí olówó rẹ̀ yàn fún un. Ìtàn yìí kò kúrò lọ́kàn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ella lọ sí Yunifásítì Shaw ní Raleigh, ó sì ṣe ipò kìíní nígbà tí ó jáde ní ọdún 1927. New York ni ó gbà lọ. Níbẹ̀, lákòókò ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930, ó bá wọn ṣètò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú.

Iṣẹ́ Rẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ NAACP

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, Baker di òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ NAACP. Ó ń rìn káàkiri ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí wíwọ ẹgbẹ́ náà ti lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tí ó tilẹ̀ lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó ń wọ ilé ìjọsìn, ó sì ń bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí ó ń dùn wọ́n ládùúgbò wọn. Ní ọdún 1943, ó di olùdarí gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà. Láàárín ọdún 1940 sí 1946, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lé láti nǹkan bí 50,000 sí nǹkan bí 450,000. Ó tún ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olóyè ẹ̀ka. Rosa Parks, ẹni tí ó kọ̀ láti dìde lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì ní Montgomery ní ọdún 1955, wà lára àwọn tí ó kópa nínú irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Baker fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1946. Lójú tirẹ̀, agbára ti pọ̀ jù lọ́wọ́ olú-iléeṣẹ́, owó ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń wá lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ọ̀dọ̀ King àti Ọ̀dọ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1957, King àti àwọn pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ SCLC sílẹ̀. Baker lọ sí Atlanta ní ọdún 1958 láti bá wọn dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀. Ó ṣe adelé olùdarí, ṣùgbọ́n wọn kò fi oyè náà jẹ ẹ́. Ó rí i pé àwọn pásítọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin, àti pé ojú ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jókòó síbi tí a kò gba aláwọ̀ dúdú láyè láti jẹun ní Greensboro, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1960, ìṣe náà ràn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Baker gba 800 dọ́là lọ́wọ́ SCLC, ó sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí Yunifásítì Shaw ní oṣù Kẹrin. Àwọn àgbà fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí wà lábẹ́ wọn. Baker kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá dúró. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Báyìí ni ẹgbẹ́ SNCC ṣe bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún náà kan náà, ó rán Bob Moses lọ sí Mississippi. Orúkọ àwọn ènìyàn tí ó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó kó lé e lọ́wọ́, Amzie Moore sì wà lára wọn. Moore ni ó là á yé Moses pé ìforúkọsílẹ̀ láti dìbò ni ohun tí àwọn ará ibẹ̀ nílò. Láti inú iṣẹ́ yìí ni Fannie Lou Hamer, òṣìṣẹ́ oko òwú, ti jáde wá jẹ́rìí níwájú gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún 1964. Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde ní ọdún 1965. Ní Mississippi, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó forúkọ sílẹ̀ kúrò ní nǹkan bí méje nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì tó nǹkan bí ọgọ́ta ní ọdún 1967. Ọjọ́ tí Baker pé ọdún 83, ní oṣù Kejìlá ọdún 1986, ni ó dágbére fáyé.

Ìdarí Òde Òní

Ní ọdún 2013, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ dá ẹni tí ó pa ọ̀dọ́mọkùnrin Trayvon Martin sílẹ̀, obìnrin mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ìpè Black Lives Matter. Wọn kò fẹ́ aṣáájú kan ṣoṣo, ọ̀nà Baker sì ni èyí. Ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn jáde sí ìgboro. Àjọ tí ó ń jẹ́ orúkọ náà gba owó tí ó lé ní 90 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún yẹn. Kí ọdún tó parí, ẹ̀ka mẹ́wàá fi ẹ̀hónú hàn ní gbangba pé a kò fi ọ̀ràn lọ àwọn, àti pé àwọn kò mọ bí a ṣe ń ná owó náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbí. Kì í ṣe pé àná dára, tí òní sì bàjẹ́. Àwọn àgbà àná náà fọwọ́ rọ́ obìnrin sẹ́yìn. Ẹ̀hónú ẹ̀ka mẹ́wàá náà kò jìnnà sí ohun tí ó mú Baker fi NAACP sílẹ̀ ní ọdún 1946. Ẹsẹ̀ méjì ni èrò rẹ̀ fi dúró: kí ẹnì kan má ṣe ga ju gbogbo ènìyàn lọ, àti kí ẹni tí a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ máa jíhìn fún àwọn tí ó rán an. Òde òní mú ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì gbàgbé èkejì. Ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè kó ènìyàn jáde lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ọdún gbọọrọ tí Baker fi ń wọlé jáde lọ́dọ̀ wọn.

Ìkádìí

Fíìmù kan tí a ṣe nípa rẹ̀ ní ọdún 1981 ń jẹ́ Fundi. Ọ̀rọ̀ Swahili ni, ó sì túmọ̀ sí ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́ tí ń fi iṣẹ́ kọ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Nílẹ̀ wa, a kì í fi iye ọmọ iṣẹ́ tí ó yí ọ̀gá ká nìkan yìn ín. A máa ń béèrè iye àwọn tí ó ti gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ti lọ dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn aṣáájú nìyí, ní Amẹ́ríkà àti nínú kíláàsì wa.