Bernard Mímọ́ ti Aosta, Alábòójútó Àwọn Tí Ń Rin Orí Òkè

Orúkọ Bernard Mímọ́ ti Aosta kì í sábà dún ní agbègbè Pobẹ́ àti Sakẹ́tẹ́, kò sì yà wá lẹ́nu. Ọyẹ́ nìkan ni òtútù tí àwa mọ̀, oòrùn ọ̀sán a sì máa lé e lọ. Níbi tí Bernard ti ṣiṣẹ́, bí ìgbà òtútù bá dé, òjò dídì ni ń bọ́ láti ojú ọ̀run, ó funfun bí òwú, a sì máa ga títí yóò fi bo ilẹ̀kùn ilé.

Ọ̀rúndún kọkànlá ni ó gbé ayé. Olórí àwọn díákónì ni ní Aosta, ìlú kan nínú àfonífojì láàárín àwọn òkè Alps, ní ilẹ̀ Ítálì òde òní. Orí òkè tí ó wà lókè ìlú náà, tí ó ga ju mítà 2,400 lọ, ni ọ̀pọ̀ ará àríwá ń gbà kọjá lọ sí Róòmù láti kúnlẹ̀ níbi ibojì Peteru Mímọ́. Kí wọ́n tó bí Bernard, ní ọdún 972, àwọn Sàrásénì ti mú Majolus, olórí àwọn mọ́ńkì Cluny, ní ọ̀nà yìí, owó ìràpadà ni a sì fi gbà á padà. Ẹni tí ọlọ́ṣà kò bá pa, òtútù lè pa á.

Ní nǹkan bí ọdún 1050, Bernard kọ́ ilé ìgbàlejò kan. Kò kọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ó rọrùn; orí òkè gan-an ni, níbi tí ènìyàn ti ń kú. Wọ́n ní ó sá kúrò nílé lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó pa ìtàn náà, àwa kò sì gbára lé e.

Àwọn ẹlẹ́sìn tí ń tẹ̀lé ìlànà Augustine Mímọ́ ni ó jogún iṣẹ́ náà. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà ni òjò dídì ń dí ọ̀nà, síbẹ̀ wọn kì í sọ̀kalẹ̀. Ní ayé àtijọ́, wọn a jáde lówùúrọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń wá ẹni tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀, wọn a gbé búrẹ́dì àti wáìnì dání. Bí ìkúukùu bá ṣú, wọn a lu agogo kí aṣìnà lè gbọ́. Nígbà náà, wọn kì í gba owó oúnjẹ tàbí ti ibùsùn, wọn kì í sì í béèrè ẹ̀sìn ẹni. Òkú tí wọ́n bá rí, wọn kò lè sin ín, nítorí àpáta tí ó dì gbagidi ni ilẹ̀ ibẹ̀. Inú ilé kan ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí nígbà náà, bóyá ẹbí rẹ̀ lè wá dá a mọ̀.

Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí di ọdún 2005 ni wọ́n fi sin àwọn ajá ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Èyí tí ń jẹ́ Barry, tí ó kú ní 1814, ni a gbọ́ pé ó gba ènìyàn tí ó lé ní 40 là. Àgbá kékeré tí a ń rí lọ́rùn wọn nínú àwòrán, àwọn ayàwòrán ni ó fi í síbẹ̀.

Ìlú Novara ni Bernard kú sí, ní nǹkan bí 1081. Póòpù Innocent Kọkànlá kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní 1681. Ní 1923, Póòpù Pius Kọkànlá, tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń gun òkè Alps kí ó tó di Póòpù, fi í ṣe alábòójútó àwọn tí ń gun òkè.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà, Fàdá Maurice Tornay, lọ ṣiṣẹ́ ní ààlà Tibet. Ó gbéra láti lọ sí Lhasa kí ó lè bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ọmọ Ìjọ rẹ̀ ní 1949, ṣùgbọ́n wọ́n yìnbọn pa á lójú ọ̀nà òkè. Ní oṣù kejì ọdún 1993 ni Póòpù John Paul Kejì wá sí Kútọnu àti Parakou. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ní Róòmù, ó kéde Fàdá Tornay ní Alábùkúnfún.