Lillian Wald, nọ́ọ̀sì tó ń bá aláìsàn délé

Tí ìyá rẹ, àǹtí rẹ tàbí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ní New York, tó sì máa ń gbé báàgì láti ilé aláìsàn kan dé òmíràn, irú iṣẹ́ tí Lillian Wald ṣe ní ìlú yẹn ló ń ṣe.

Wọ́n bí Wald ní ọdún 1867 ní ìlú Cincinnati, sínú ìdílé Júù tó rí jájẹ. Rochester ló ti dàgbà. Ó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní New York Hospital ní 1891, ó sì tún wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tó fẹ́ di dókítà.

Nígbà náà, ó ń kọ́ àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yúróòpù dé, ní Lower East Side, bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé. Lọ́jọ́ kan ní 1893, ọmọbìnrin kékeré kan wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun dé ọ̀dọ̀ ìyá òun. Wald tẹ̀lé e nínú ẹrẹ̀. Ó bá obìnrin náà nínú ẹ̀jẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, dókítà sì ti fi í sílẹ̀ nítorí kò rówó san. Wald wẹ̀ ẹ́, ó pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó tún yàrá ṣe. Kò padà sí ilé ẹ̀kọ́ dókítà mọ́. Àwọn kan á ní ó fi ipò ńlá sílẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Òun àti Mary Brewster, nọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀, kó lọ gbé láàárín àwọn tálákà yẹn. Jacob Schiff, olówó tó ní báǹkì, ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1895 wọ́n wọ ilé kan ní 265 Henry Street. Aláìsàn lè ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní lọ́wọ́ á san díẹ̀, ẹni tí kò ní kò san.

Fetí sí ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú èdè wa: wò. Tí o bá wo nǹkan, ojú lo fi wò ó. Dókítà tó ń wo aláìsàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni àyẹ̀wò, àbẹ̀wò àti ìwòsàn ti jáde. Bí iṣẹ́ Wald ṣe rí gan-an nìyẹn. Tí nọ́ọ̀sì bá wọlé, kì í ṣe ara aláìsàn nìkan ló ń wò. Èèyàn mélòó ló ń sùn nínú yàrá? Ṣé atẹ́gùn ń wọlé? Ta ló ń gbọ́únjẹ báyìí tí ìyá dùbúlẹ̀? Lẹ́yìn ìtọ́jú, á kọ́ ará ilé bí wọ́n á ṣe máa ṣe é lẹ́yìn tóun bá lọ. Mo rò pé apá ìkọ́ni yìí ló ṣòro jù, nítorí ó gba sùúrù, kò sì yá kíákíá bí oògùn.

Ní 1902, Wald yá ìjọba ìlú ní nọ́ọ̀sì kan, Lina Rogers, fún ilé ìwé mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń lé ọmọ tó ní èkúrú tàbí ojú dídùn lọ sílé ni, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn. Rogers ń tọ́jú wọn, ó sì ń tẹ̀lé wọn délé láti kọ́ àwọn òbí. Àwọn ọmọ padà sí kíláàsì, ìlú sì gba nọ́ọ̀sì sí i.

Ní 1906 ó gba Elizabeth Tyler, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú, láti máa tọ́jú àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú. Ní 1909, nígbà ìpàdé tó bí ẹgbẹ́ NAACP, ilé Henry Street ló gba dúdú àti funfun lálejò pọ̀.

Wald kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940. Ilé náà ṣì wà, wọ́n sì ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ ọkọ̀ ojú irin F, kí o sọ̀ ní East Broadway. Kò jìnnà síbẹ̀.