Sir David Bruce, Ẹni Tí Ó Tọpa Àrùn Ẹran Ọ̀sìn

Ó jẹ́ àṣà nínú ìwé ìrántí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ bí tiwa láti kọ ìtàn àwọn olùdásílẹ̀, àwọn àlùfáà àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dára pẹ̀lú kí a máa rántí àwọn tí wọn kò gbé àárín wa rí, síbẹ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kan ilé wa. Ọ̀kan nínú wọn ni Sir David Bruce, dókítà inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti wádìí àrùn tí ń ti ara ẹran wọ ara ènìyàn. Àwa ará Ìlàjẹ mọ̀ pé omi ni oko wa àkọ́kọ́. Síbẹ̀, láti Òde-Máhìn títí dé etí òkun, ilé tí kò ní ewúrẹ́, adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ kò wọ́pọ̀. Bí ẹran bá sì kú lójijì, ìbéèrè kan náà ni olówó rẹ̀ máa ń béèrè: níbo ni ikú yìí ti wọlé? Ìbéèrè yìí ni Bruce gbé lé èjìká. Ìdáhùn tí ìwádìí rẹ̀ mú wá ṣe àjèjì sí etí ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí ó fi hàn pé ẹran tí ń gbé àrùn kiri lè má ṣàìsàn rárá.

A bí David Bruce ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1855, ní ìlú Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Ará Scotland ni àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n padà sí ilẹ̀ wọn, ìlú Stirling ni ó sì ti kàwé. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Manchester. Ó sígbọnlẹ̀, ó lágbára, ó sì ní in lọ́kàn láti di eléré ìdárayá. Ṣùgbọ́n òtútù àyà kọlù ú ní ọmọ ọdún 17, ìrètí náà sì já. Ó tún padà sídìí ìwé. Ní ọdún 1876 ó wọ Yunifásítì Edinburgh, ó sì gba oyè ìṣègùn ní ọdún 1881. Kí òbí tí ọ̀nà ọmọ rẹ̀ kò gún régé rántí ọ̀dọ́mọkùnrin inú ilé ìkẹ́rùsí yìí.

Ní ọdún 1883, ó gbé Mary Elizabeth Steele níyàwó, ọmọ dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ológun. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ìtàn Bruce láìdárúkọ obìnrin yìí, ìdajì ìtàn ni ó sọ. Ó kọ́ bí a ti ń lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tí à ń pè ní maikirosikóòpù. Òun ni ó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, òun ni ó sì ń ya àwòrán ohun tí wọ́n bá rí. Gbogbo ibi tí iṣẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ lọ, ni ó bá a dé.

Ní ọdún 1884 a rán wọn lọ sí Málítà, erékùṣù Mẹ́lítà inú Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì, níbi tí ọkọ̀ ojú omi Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ti fọ́. Ibà kan ń da àwọn ọmọ ogun láàmú níbẹ̀. Ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù pípẹ́, pẹ̀lú òógùn àti oríkèé ríro, àwọn mìíràn sì ń kú. Ní ọdún 1887 Bruce fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan, tí ó rí nínú ara àwọn tí ibà náà pa, ni ó ń fa á. Ó mọ ohun tí ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà tí ó ń gbà wọ ara wọn. Lójoojúmọ́ ni àwọn darandaran ń da ewúrẹ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń fún wàrà tútù fún àwọn oníbàárà. Ewúrẹ́ náà sanra, ara wọn ń dán. Kò sí ẹni tí ó fura sí wọn. Ó kú ọdún 18 kí a tó mọ òótọ́.

Láàárín ìgbà náà, iṣẹ́ pè é wá sí Áfíríkà. Ní ilẹ̀ àwọn Súlù ní Gúúsù Áfíríkà, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní nagana ń pa màlúù àti ẹṣin. Ẹran á rù, ojú rẹ̀ á máa ṣomi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbẹ, yóò sì kú. Gómìnà Natal, ẹni tí ó ti mọ Bruce ní Málítà, bẹ̀ ẹ́ kí ó wá. Ní ọdún 1894 òun àti ìyàwó rẹ̀ dé Ubombo lórí òkè, wọ́n ń gbé inú ahéré, wọ́n sì ń ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù tí ń ṣàìsàn, wọ́n rí ohun alààyè tín-ínrín kan tí ń jà ràìràì láàárín ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1899 àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Trypanosoma brucei, ní orúkọ Bruce.

Àbá méjì ni ó ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Àwọn Súlù gbà pé àwọn ẹran ìgbẹ́, ẹfọ̀n àti irú wọn, ni ó ń ba koríko àti omi jẹ́ fún màlúù. Àwọn ọdẹ òyìnbó gbà pé oró wà lẹ́nu eṣinṣin tsetse, eṣinṣin tí ń bu ẹran jẹ tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Bruce kò fi èyíkéyìí ṣẹ̀sín. Ó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kó ẹṣin tí ara wọn le sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí eṣinṣin wà, kò jẹ́ kí wọ́n jẹ tàbí mu níbẹ̀. Síbẹ̀ nagana mú wọn. Ó kó koríko àti omi ilẹ̀ náà gòkè wá fún ẹṣin mìíràn. Àwọn yẹn jẹ, wọ́n mu, ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Ó mú eṣinṣin gòkè wá, ó jẹ́ kí wọ́n bu ẹran tí ó le jẹ, àrùn dé. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́ tí kò ní àmì àìsàn kankan, ó fi abẹ́rẹ́ gún un sára ajá; nagana mú ajá.

Báyìí ni ó ṣe hàn pé òótọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n kò pé lọ́wọ́ ẹnì kan. Ara ẹran ìgbẹ́ ni àrùn náà ń gbé láìpa á lára. Eṣinṣin ni ó ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ìmọ̀ tí àwọn darandaran Súlù ti ní láti ìran wá kì í ṣe asán.

Nígbà tí ogun dé, tí àwọn Boer sì dó ti ìlú Ladysmith láti oṣù Kọkànlá 1899 títí di oṣù Kejì 1900, inú ìlú náà ni tọkọtaya yìí wà. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn tí ó gbọgbẹ́, ìyàwó ń ṣe nọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ Ubombo wúlò ju bí wọ́n ti rò lọ. Ní ọdún 1901, ní Gáḿbíà níhìn-ín ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, a rí irú ohun alààyè kan náà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1903 Bruce dé Uganda, níbi tí àrùn oorun ti ń run àwọn ará etí adágún Victoria. Ó lé ní 200,000 ènìyàn tí ó bá àjàkálẹ̀ náà lọ. Ó bẹ àwọn ìjòyè àti àwọn ìjọ Kristẹni kí wọ́n bá òun mú eṣinṣin láti ìletò gbogbo. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀, ibi tí tsetse wà náà ni àrùn wà. Lẹ́yìn èyí ìjọba kó àwọn ènìyàn kúrò ní etí omi. Àwa tí omi ni ilé wa lè mọ ohun tí ó jẹ́ fún apẹja láti fi etí omi sílẹ̀. Ìmọ̀ gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ó náni ní ohun kan.

Ọ̀rọ̀ Málítà náà rí ìparí. Bruce di olórí ìgbìmọ̀ tí a rán lọ síbẹ̀ ní ọdún 1904. Ní ọdún 1905 dókítà ọmọ bíbí erékùṣù náà, Themistocles Zammit, yẹ ewúrẹ́ wò, ó sì bá kòkòrò ibà náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ewúrẹ́ tí ó sanra wọ̀nyẹn. Inú wàrà wọn ni ó ń gbà wọ ara ènìyàn. Wọ́n ka wàrà ewúrẹ́ léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ogun ní ọdún 1906, ibà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láàárín wọn.

Bruce kì í ṣe ẹni tí kò ní àléébù. Ó le ní ọ̀rọ̀, kò sì rọrùn fún un láti pín ògo. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ìpín tí ó tọ́ sí Castellani, ẹni tí ó ti kọ́kọ́ rí ohun alààyè náà lára aláìsàn ní Uganda kí Bruce tó dé. Àbá rẹ̀ pé kí a pa ẹran ìgbẹ́ run nítorí tsetse kò sì tẹ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ lọ́rùn.

Ní ilẹ̀ wa, a dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom ní ọdún 1924, a sì dá ti àrùn tsetse sílẹ̀ fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1947, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Kaduna. Ibẹ̀ ni a ti ń tẹ̀lé ipa tí Bruce là. Ìdí nìyí tí a fi mọ̀ pé eṣinṣin yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí màlúù àwọn Fúlàní gbilẹ̀ ní igbó àti àbàtà wa, nígbà tí màlúù Muturu kúkúrú àti ewúrẹ́ kékeré ilẹ̀ wa ń fara dà á.

Ẹ̀kọ́ ìgbésí ayé ọkùnrin yìí kò ṣòro láti mú lò. Ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, bí ó ti wù kí ó dán tó, kí a má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ti ilé lójú ẹsẹ̀. Kí a yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí a máa wò ó. Wàrà tútù, kí a sè é kí ọmọdé tó mu ún. Bí oyún bá ń wálẹ̀ lára ewúrẹ́ léraléra, kí a pe dókítà ẹran kí a tó pe ọ̀tá lórúkọ. Mo ti jókòó yanjú ìjà láàárín àwọn ará ìjọ nítorí ẹran tí ó kú, mo sì mọ iye ilé tí ìfura ti dàrú.

Lady Bruce kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, ọdún 1931. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, bí ìsìn ìsìnkú rẹ̀ ti ń lọ lọ́wọ́, Sir David pẹ̀lú mí èémí ìkẹyìn ní London, ní ọmọ ọdún 76. Ó ti fẹ́ kí a fún ìyàwó rẹ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú ìyìn iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe, a sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Kí Olúwa gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dìde láti inú ilé-ẹ̀kọ́ wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí yóò ní sùúrù láti dán nǹkan wò kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àmín.