Timothy Adéọlá Odùtọ́lá

Timothy Adéọlá Odùtọ́lá (1902 – 1995) jẹ́ oníṣòwò àti onílé-iṣẹ́ ńlá ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí MAN, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ilé-iṣẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìjẹ̀bú-Òde ni Odùtọ́lá ti kàwé, ní Ijebu-Ode Grammar School. Ó ṣe akọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 láti gbájú mọ́ òwò. Ó ta aṣọ àti ẹja, ó ṣòwò kòkó àti ekuro, ó sì tún ní ilé-iṣẹ́ ìlagi.

Iṣẹ́ táyà

Ní ayé ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti alájàpá fi ń gbé ẹrù lọ sí ọjà. Igi rọ́bà wà nínú oko nílẹ̀ yìí, síbẹ̀ òkè òkun ni a ti ń kó táyà wọlé. Odùtọ́lá wá ń ṣe táyà àti túùbù kẹ̀kẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹni tí táyà rẹ̀ gbó lè rí tuntun rà nítòsí.

Àbúrò rẹ̀, Jímọ̀ Odùtọ́lá, náà di gbajúmọ̀ nídìí òwò táyà ní Ìbàdàn. Títún táyà ọkọ̀ ṣe wà lára òwò ìdílé náà. Nínú iṣẹ́ yìí, a máa ń họ ojú táyà tí ó ti jẹ kúrò, a ó fi rọ́bà tuntun bò ó, a ó sì fi iná sè é kí ó lè lẹ̀ pinpin. Táyà tí ara rẹ̀ ṣì le nìkan ni ó yẹ fún un. Bí okùn inú rẹ̀ bá ti já tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán, rọ́bà tuntun kò lè mú ewu rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀kọ́ àti oyè

Ní ọdún 1945, Odùtọ́lá dá Olu-Iwa College sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Adeola Odutola College ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Ó jẹ oyè Ògbẹ́ni Ọjà ti Ìjẹ̀bú-Òde.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Odùtọ́lá kú ní ọdún 1995. Kí ọdún 2010 tó dé, Michelin àti Dunlop pàápàá ti dẹ́kun ṣíṣe táyà ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, táyà òkè òkun ni ó gbòde, títí kan ti alùpùpù. Ọwọ́ ẹni tí ń rà á ni àyẹ̀wò wá kù sí: kí ìwọ̀n tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti alùpùpù náà mu, kí ó má sì sán. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tí ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún tí a ṣe é.