Kádínà Hyacinthe Thiandoum ti Dakar: Ọmọ Tí Ó Dúró Nínú Ilé



Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nígbà tí ìwé kan jáde láti Róòmù pẹ̀lú àṣẹ Póòpù Francis, nípa ìbùkún tí àlùfáà lè gbà fún àwọn méjì tí ń gbé pọ̀ láìṣe ìgbéyàwó Ìjọ, àti fún àwọn méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí tí wọ́n jọ jẹ́ obìnrin, ọkàn ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjọ dàrú. Ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ìgándò, kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò béèrè lẹ́yìn Mísà bí ọmọ Àgùdà rere ṣe lè máa gbàdúrà fún Póòpù nígbà tí ìlànà rẹ̀ ń kọ òun lóminú. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òde òní nìkan. Ọkùnrin kan wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín tí ó wọ inú ilé rẹ̀ gan-an, tí ó sì bá a gbé fún nǹkan bí ogún ọdún. Ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

A bí Hyacinthe Thiandoum ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1921 ní Popenguine, ìletò kan ní etí òkun Sẹ̀nẹ̀gà. Àwọn Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ Ìjọ kéré níye láàárín wọn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1888 ni àwọn Kátólíìkì ti máa ń rin ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí ilé ìsìn Ìyá wa Màríà ní Popenguine ní àkókò Pẹ́ńtíkọ́sì, nítorí náà àárín àdúrà ni a bí ọmọ yìí sí.

Ní ọdún 1947, Póòpù Pius Kejìlá fi àlùfáà Faransé kan jẹ Bíṣọ́ọ̀bù fún Dakar. Marcel Lefebvre ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn Baba ti Ẹ̀mí Mímọ́, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní Gàbọ́ọ̀nù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ènìyàn ṣákálá ni. Inú àgọ́ ẹ̀wọ̀n àwọn Násì ni baba tí ó bí i kú sí ní ọdún 1944, márùn-ún nínú ọmọ mẹ́jọ ilé wọn ni ó sì fi ara wọn fún iṣẹ́ Ọlọ́run. Ní 1948 Póòpù sọ ọ́ di aṣojú òun ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé, tí Dàhòmì, ilẹ̀ àwọn ará wa ti Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, wà nínú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù yìí ni ó gbé ọwọ́ lé Thiandoum lórí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1949, tí ó sì sọ ọ́ di àlùfáà. Láti ọjọ́ náà ni Thiandoum ti mọ̀ ọ́n ní baba, kò sì fi ohun tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè pamọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Ó lọ kàwé sí i ní Róòmù, ó sì padà wá sí Dakar. Nígbà tí Sẹ̀nẹ̀gà gba òmìnira ní 1960, ó hàn pé àkókò tó tí ọmọ ilẹ̀ yóò máa ṣe olórí Ìjọ níbẹ̀. Ní 1962 Lefebvre fi Dakar sílẹ̀, Póòpù John Kẹtàlélógún sì fi Thiandoum jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ní ipò rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 41. Àwa ará Èkó náà rí irú rẹ̀ ní 1965, nígbà tí John Aggey gba ipò lẹ́yìn Leo Taylor.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962 kan náà ni Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù. Baba àti ọmọ jókòó sínú ìpàdé kan náà. Ọ̀nà wọn kò pín lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Lefebvre fi di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú àwọn Bíṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rù ń bà pé Ìjọ ń sọ ohun ìní rẹ̀ nù, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ òmìnira ẹ̀sìn. Thiandoum ní tirẹ̀ gba ohun tí Ìgbìmọ̀ náà fi ọwọ́ sí, ó sì mú un lọ sílé. Ẹni tí ó ń gbé láàárín àwọn Mùsùlùmí bí ará àti ìbátan yóò tètè mọ ìwúlò òmìnira ẹ̀sìn. Èrò tiwa nìyẹn.

Póòpù Paul Kẹfà sì gbé ètò Mísà tuntun jáde ní 1969. Àwọn àgbà wa tí ó ti mọ Mísà ní èdè Làtìnì láti kékeré lè rántí bí ó ti rí lára wọn nígbà náà: inú àwọn kan dùn pé Ọlọ́run ń gbọ́ Yorùbá nídìí pẹpẹ, ojú àwọn mìíràn sì ń pọ́n orin àtijọ́. Lefebvre kò lè gbà á rárá. Ní 1970 ó dá ẹgbẹ́ àlùfáà kan sílẹ̀ ní Swítsálándì, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní Écône ní ìlànà àtijọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí i. Ní 1975 a gba ìyọ̀ǹda náà padà.

Ọdún 1976 ni ọ̀rọ̀ náà dójú rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, Póòpù Paul Kẹfà fi Thiandoum jẹ Kádínà. Ọjọ́ kan náà ni Dominic Ekandem di Kádínà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí Emmanuel Nsubuga ti Ùgáńdà sì gba tirẹ̀. Oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, Lefebvre fi àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ àlùfáà ní Écône lẹ́yìn tí Póòpù ti kọ̀ fún un. Ní oṣù Keje, Róòmù dá a dúró lẹ́nu gbogbo iṣẹ́ àlùfáà.

Ẹ jẹ́ kí á ro ipò tí Kádínà tuntun yìí wà. Ọwọ́ tí ó sọ ọ́ di àlùfáà ni Róòmù dè yìí. Bí ó bá bá baba rẹ̀ lọ, yóò kọ ẹni tí ó jókòó ní ipò Pétérù sílẹ̀; bí ó bá dákẹ́, yóò dà bí ọmọ tí ó rí baba rẹ̀ nínú kòtò tí ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ṣe èkíní, kò sì ṣe èkejì. Ó lọ bá Lefebvre, ó bẹ̀ ẹ́. Ó sì ṣe alárinà fún un lọ́dọ̀ Róòmù. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́, bẹ́ẹ̀ ni Thiandoum sì ṣe hùwà sí i. Àwọn mìíràn wà nígbà náà tí ó ka Lefebvre sí ọ̀tá, ṣùgbọ́n a kò rò pé èébú tíì mú ẹnikẹ́ni padà wálé rí.

Àlàáfíà sún mọ́lé ní 1988. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún Lefebvre fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Kádínà Ratzinger. Ní ọjọ́ kejì ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ti lé ní ẹni ọdún 80, ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá kú, kò ní sí Bíṣọ́ọ̀bù tí yóò máa fi àwọn ọmọ òun jẹ àlùfáà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ó fi ènìyàn mẹ́rin jẹ Bíṣọ́ọ̀bù láìgba àṣẹ Póòpù John Paul Kejì. Róòmù sì kéde pé òun àti wọn ti bọ́ kúrò nínú ìdàpọ̀ Ìjọ. Ìdájọ́ náà wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1991.

Thiandoum kò bá a jáde. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní Dakar, níbi tí baba náà ti gbin tí òun sì ń bomi rin. Ní 1994, nígbà tí John Paul Kejì pe àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà sí Sínódù ní Róòmù, Thiandoum ni a yàn láti gbé ọ̀rọ̀ ìpàdé náà kalẹ̀ fún wọn. Àwòrán tí Sínódù náà mú fún Ìjọ ní Áfíríkà ni Ẹbí Ọlọ́run. A kò lè ṣàì ronú nípa ohun tí ọ̀rọ̀ náà, ẹbí, yóò jẹ́ lọ́kàn ọkùnrin yìí.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà tọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí Kádínà Ambongo ti Kinshasa kọ̀wé ní orúkọ wọn pé kò yẹ kí a súre fún àwọn méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ní Áfíríkà. Inú ìwé kan náà ni wọ́n ti sọ pé àwọn kò kúrò lẹ́yìn Póòpù Francis. Wọ́n sọ tiwọn, wọ́n sì jókòó sínú ilé.

Thiandoum fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 2000, ó sì kú ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2004, ní ẹni ọdún 83. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, Ratzinger náà, tí ó ti di Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún, mú ìdájọ́ ọdún 1988 kúrò lórí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin náà, kí ilẹ̀kùn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lè ṣí. Alárinà àtijọ́ náà ti tó ọdún mẹ́rin nínú ibojì nígbà náà.