Olóògbé Kánọ́nì Josiah Jesse Ransome-Kuti, Alùfáà Olórin (1855–1930)

Nínú àwọn baba ìgbàgbọ́ tí ó yẹ kí a rántí ní àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa yìí, a kò gbọdọ̀ gbàgbé Kánọ́nì Josiah Jesse Ransome-Kuti. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi owó àti agbára sin Ọlọ́run. Òun fi ohùn ẹnu rẹ̀ sìn Ín, ohùn náà kò sì tí ì dákẹ́ di òní.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọdún 1855, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí àwọn míṣọ́nnárì CMS dé ìlú náà. Baba rẹ̀, Likoye Kuti, kò fi ẹ̀sìn àwọn baba ńlá rẹ̀ sílẹ̀; ṣùgbọ́n Anne ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó tètè gba Ìhìnrere. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó, ó sì di olùkọ́. Ní ọdún 1879, orin ni ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Èkó. Ní 1882 ó gbé Bertha Olubi níyàwó. A fi í joyè díákónì ní 1895, ó di alùfáà lẹ́yìn náà, nígbà tí ó sì di 1911, òun ni alábòójútó iṣẹ́ ìjọ ní Abẹ́òkúta.

Ní ìgbà ayé rẹ̀, orin òyìnbó tí a túmọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ìsìn wa. Ìtumọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní òkè àti ilẹ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́, ọkọ́ a sì di ọkọ. Ẹni tí kò mọ̀wé a máa gbọ́ ariwo, kì í gbọ́ ìwàásù. Àwọn onígbàgbọ́ mìíràn sì ń bẹ̀rù pé bí a bá gba ohùn orin ilẹ̀ wa láàyè, ìbọ̀rìṣà yóò bá a wọlé. Kuti kò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ó ṣe orin ìyìn ní èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ń fi orin wàásù, orin sì ń pe àwọn tí ìwàásù lásán kò lè pè. Nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní Alùfáà Olórin.

Ọdún 1922 ni a fi í ṣe Kánọ́nì ti Kàtídírà Kírísítì, Èkó. Ní ọdún kan náà ni ó kọ orin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orin náà lé ní ogójì, dùrù sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni ọdún 67 ni baba náà, iṣẹ́ ọ̀hún kò sì rọrùn. A kò tí ì máa fi ẹ̀rọ iná tí ń gbé ohùn sókè ṣe àwo orin nígbà náà. Akọrin a dúró síwájú fèrè ńlá, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni yóò mi abẹ́rẹ́ tí ń kọ ọ́ sára ìda. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojú àwo kan ń gbà. Bí ó bá ṣìṣe, kò sí àtúnṣe, àfi kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi di ọ̀kan lára àwọn ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí a gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 1930. Ọmọ rẹ̀, Alùfáà Israel Oludotun, di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Fela, mú orin gba ọ̀nà mìíràn, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé.

Èmi tí mo kọ ìtàn yìí gbọ́ ohùn Kánọ́nì nígbà tí mo wà ní ọmọdé, lórí giramafóònù baba mi. Láti ìgbà náà ni orin àfẹnukọ ti wọ̀ mí lára. Nígbà tí baba mi kú, ẹ̀rọ náà wà nínú àjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rá inú rẹ̀ gan, kò sì yí mọ́. Nítorí àjọ̀dún yìí ni mo gbé e tọ ẹnìkan tí ń tún aago ṣe. Ó tú irin rẹ̀ palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi òróró tuntun sí i, a sì ra abẹ́rẹ́ titun. Nígbà tí mo yí ọwọ́ rẹ̀ tí àwo bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ariwo bí òjò lórí pákó ni a kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn baba náà jáde, mo sì dìde dúró láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ mi dàpọ̀ mọ́ ẹ̀dùn ọkàn. Àwọn àgbà tí ó da ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa sílẹ̀ pẹ̀lú ṣe orin tiwọn. A kò kọ wọ́n sílẹ̀, a kò sì gba ohùn wọn, wọ́n sì ti kó orin náà lọ sí ibojì. Díẹ̀ ṣì kù lẹ́nu àwọn ìyá wa tí orí wọn ti funfun. Mo bẹ ìgbìmọ̀ ìjọ àti ẹ̀yin àlejò wa ọlọ́wọ̀, ẹ jẹ́ kí a gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ṣe é tún ṣe. Orin tí ó bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ kò ní àtúnṣe.

Kí Olúwa fún wa ní etí láti gbọ́, kí Ó sì fún wa ní ọwọ́ láti pa á mọ́. Àmín.